Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Ìṣàkóso ní Ilé-Iṣẹ́ Ètò Kọ̀ǹpútà

Mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀. Mo júbà àwọn tí ó kọ́ mi ní ọgbà yìí, mo sì júbà ẹ̀yin tí ẹ ó fi etí sí mi. N óò padà sí ọ̀rọ̀ ìjúbà yìí kí n tó jókòó, nítorí pé kì í ṣe àṣà lásán ni mo fi ṣe.

Nígbà tí ìwé ìpè yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ ṣì mí pè ni. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni kí n máa ṣe ọ̀gá fún àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní Èkó, irú ètò tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní sọ́fítíwíà. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí sọ fún àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà síwájú sẹ́yìn, mo rí i pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, agbára káká ni mo fi lè ka ẹyọ kan tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ ni ó ń fà á. Ẹnìkan mọ nǹkan kan, kò sọ ọ́. Tàbí ó sọ ọ́, a kò gbọ́. Tàbí a gbọ́ ọ, ó ti pẹ́ jù. Nígbà náà ni ó wá yé mi pé ẹ̀yin gan-an ni ó yẹ kí n wá bá sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2009, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti àwọn yunifásítì ìjọba pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yìí, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọlálékan Olúdé àti Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, dá Jobberman sílẹ̀: ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí ń wá iṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ tí ń wá òṣìṣẹ́ ti lè pàdé. Ilé-iṣẹ́ náà dàgbà, àwọn olówó òkèèrè sì fi owó sí i. Kì í ṣe ìtàn wọn ni mo wá sọ, àwọn tí ó ni ín lè sọ ọ́ jù mí lọ. Iye wọn ni ó jẹ́ kí n mẹ́nu kàn wọ́n. Mẹ́ta ni wọ́n. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó wà láàárín wọn tí ọ̀rọ̀ lè gbà: ti ẹni kìn-ín-ní sí ẹni kejì, ti ẹni kejì sí ẹni kẹta, ti ẹni kẹta sí ẹni kìn-ín-ní. Bí ọ̀kan bá húkọ́, àwọn méjì yòókù gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di mẹ́wàá, ọ̀nà náà kì í ṣe mẹ́wàá mọ́, ó di 45. Bí wọ́n bá di 50, ó di 1,225. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí bí ilé-iṣẹ́ kékeré ti ń di ńlá ní Yábàá tàbí ní Lẹ́kí ti rí ohun tí ìṣirò yìí ń ṣe fún ènìyàn. Àwọn tí ó jọ ń jẹ nínú àwo kan náà ní ọdún méjì sẹ́yìn kò mọ ohun tí ẹnìkejì ń ṣe mọ́, wọn a sì rò pé ìgbéraga ni ó dé. Kì í ṣe ìgbéraga. Ọ̀nà ni ó pọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó fi ìṣirò yìí yé àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà jù lọ ni Frederick Brooks ará Amẹ́ríkà. Òun ni ó darí àwọn tí ó kọ ètò àgbà fún àwọn kọ̀ǹpútà System/360 ti ilé-iṣẹ́ IBM ní àárín àwọn ọdún 1960. Iṣẹ́ náà pẹ́ gan-an, ó sì ná wọn ní owó púpọ̀. Ní ọdún 1975 ni ó tẹ ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé náà ni pé kò di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí ó sì kọ́ wa ni pé bí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà bá ti pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá lọ, bí a bá fi ènìyàn kún un, ńṣe ni yóò tún pẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè wọ àwa Yorùbá létí, nítorí pé àárò ni a mọ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wọ oko ẹnìkan, ebè tí òun nìkan ì bá fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ, wọn a kọ ọ́ tán kí oòrùn tó wọ̀. Kálukú ní poro tirẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnìkan ní í bi ẹnìkejì léèrè, àfi kí wọ́n jọ kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tí ń hun aṣọ òfì. Aṣọ náà ti dé àárín, ọjọ́ ìgbéyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣé ẹ ó pe obìnrin mẹ́ta mìíràn kí wọ́n wá jókòó tì í sí ìdí òfì kan náà? Yóò ní láti dá iṣẹ́ dúró, kí ó ṣàlàyé fún wọn irú ọnà tí ó ń ṣe, iye òwú tí ó ti gbà kọjá, ibi tí òwú kan ti já tí ó sì ti so ó. Ilẹ̀ yóò ti ṣú. Ètò kọ̀ǹpútà, aṣọ òfì ni, kì í ṣe ebè. Mo mọ èyí láti inú ìwé, síbẹ̀ mo ṣe òdìkejì rẹ̀ nígbà kan tí àwọn tí ó fi owó sí iṣẹ́ wa ń lé mi kiri. Mo kó ènìyàn mẹ́fà wá láti ibi iṣẹ́ mìíràn. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ nǹkankan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó tan mọ́ èyí, n kò sì ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1968, Melvin Conway, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ohunkóhun tí ẹgbẹ́ kan bá ṣe yóò jọ ọ̀nà tí àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí báńkì ti ní kí ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sínú fọ́ọ̀mù kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n sì tún ní kí ẹ kọ ọ́ sínú òmíràn nísàlẹ̀, ẹ ti rí i. Ìwé méjì náà ń sọ fún yín pé àwọn ará òkè àti àwọn ará ìsàlẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ síra wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa ní ọdún 2025, nítorí pé kò sí ilé kan ní Èkó tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, tàbí kí ó kan ará ilé kejì. Àwọn ọmọ tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù 1.9 ni ó ṣe ìdánwò JAMB ní ọdún náà, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ṣe é. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù karùn-ún, àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nínú wọn ni kò gba 200 nínú 400. Ariwo ta. Àwọn òbí ń ké, àwọn olùkọ́ ń ṣe họ́wù. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ sọ ní gbangba pé nǹkan rere ni ó ṣẹlẹ̀, pé ó fi hàn pé a ti dí ojú ọ̀nà ìwà èrú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ìròyìn burúkú dé ilé, àwọn àgbà ilé sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìròyìn ayọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tí ó jẹ́ olórí àjọ náà nígbà náà, jáde sí àwọn oníròyìn ní Àbújá. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti wọ iṣẹ́ náà, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún lójú gbogbo ayé. Nínú ibùdó ìdánwò 887, mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ ni ọ̀rọ̀ náà kàn: 65 ní Èkó, 92 ní ìhà ìlà-oòrùn gúúsù. Àwọn ọmọ tí ó kàn jẹ́ 379,997. Ti Èkó nìkan jẹ́ 206,610. A ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe.

Kí ni ó fà á? Àjọ náà ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìdánwò padà ní ọdún náà. Lára ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé kọ̀ǹpútà yóò máa da ìbéèrè àti ìdáhùn rú, kí ọmọ kan má baà lè wo ti ẹnìkejì. Èyí dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣeé ṣe, ó di dandan kí a fi àtúnṣe kan sí orí àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tí ń bá àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké pín iṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni a pín àwọn sáfà náà sí. Àwọn kan wà lábẹ́ Kàdúná, àwọn kan sì wà lábẹ́ Èkó, àwọn ti Èkó yìí ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìhà ìlà-oòrùn gúúsù pẹ̀lú. A fi àtúnṣe sí ti Kàdúná. A kò fi sí ti Èkó. Kò sí ẹni tí ó rí i títí èsì fi jáde. Ọmọ tí ó mú ìdáhùn tí ó tọ́, ẹ̀rọ sọ fún un pé kò tọ́.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí. Iṣẹ́ náà kò le. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀ ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwa tí a sì ti wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ gbólóhùn tí ó sábà máa ń ṣáájú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ gbogbo. Gbólóhùn náà kò gùn: “A ti ṣe é.” Ẹ̀yin onímọ̀ gírámà, ẹ bá mi tú u wò. Ta ni “a”? Kí ni “é”? Níbo ni a ti ṣe é? Ẹni tí ó sọ ọ́ kò purọ́, ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ kò ya òpè, ó rò pé gbogbo rẹ̀ ni. Nínú ọjà tàbí nínú ilé, ojú àti ọwọ́ ń ran irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: a rí ìkòkò tí a ní a ti fọ̀, a rí ilẹ̀ tí a ní a ti gbá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fi ojú rí inú sáfà. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó kù, ọ̀rọ̀ ẹnu náà sì fi ibi tí a dé sílẹ̀ láìsọ.

Ní ibi iṣẹ́ tèmi, láti ìgbà yẹn, n kì í gba “a ti ṣe é” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Orúkọ gbogbo ibi tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ni a ń kọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá wọn ṣe iṣẹ́ náà ni ó sì ń lọ wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò ní ìbẹ̀rẹ̀ pé n kò fi ọkàn tán wọn mọ́. Mo sọ fún wọn pé ètí mi ni n kò fi ọkàn tán.

Ohun kan tún kù nínú ọ̀rọ̀ JAMB. Àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kò tọ́ kì í ṣe àwọn ọ̀gá, kì í sì í ṣe àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ náà ni. Ọmọ tí ó mọ ohun tí ó kọ mọ̀ pé èsì náà kì í ṣe tòun. Ariwo wọn àti ti àwọn òbí wọn ni ó jẹ́ kí a tún àwọn ìwé wò. Bí a bá gbà pé ọmọdé kò lè mọ ju ẹ̀rọ lọ, títí di òní ni èsì yẹn ì bá wà bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 ni àjọ NASA ti Amẹ́ríkà pàdánù ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n rán lọ sí Máàsì, nítorí pé àwọn kan ń fi òṣùwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ka agbára ẹ̀rọ náà, àwọn kejì sì rò pé òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò ni. Àwọn tí ń tọ́ ọ sọ́nà ti fura pé ọkọ̀ náà ń yà. Wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ ní ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọkọ̀ náà kò padà wá.

Mo ti ń sọ ti ẹlòmíràn. Ó tó gẹ́ẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó tí n kò ní í dárúkọ. Ètò kan ni a ń kọ tí àwọn oníṣòwò yóò fi máa san owó ọjà láti orí fóònù. Ọjọ́ Ajé ni a dá pé ètò náà yóò jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú rẹ̀, bí mo ti ń kó àpò mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tí ì pẹ́ tí ó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ ní ilé ti máa ń ṣe. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Bóyá ẹ bá bá wa tún ibi ìsanwó yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹ bá ráyè.” Mo ní, “Ó dáa, àbúrò mi. A óò wò ó. Kú iṣẹ́ o.” Mo bọ́ sínú ọkọ̀ mi, mo lọ sílé.

Ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ fún mi ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí ènìyàn ń sanwó lọ́wọ́, tí onítọ̀hún sì tún tẹ̀ ẹ́, ètò wa yóò gba owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti dán an wò ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ẹ wo iye aṣọ tí ó fi bo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. “Ẹ jọ̀wọ́,” aṣọ kìn-ín-ní. “Ẹ má bínú,” aṣọ kejì. “Bóyá,” ẹ̀kẹta. “Bí ẹ bá ráyè,” ẹ̀kẹrin, èyí tí ó wúwo jù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ọ̀dọ̀ mi, n kò rí ara rẹ̀ mọ́ rárá, aṣọ nìkan ni mo rí. Mo sì kí i fún aṣọ náà pé ó wọ̀ ọ́ dáadáa.

Ní ọjọ́ Ajé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń já. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà ti kún ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ń ta aṣọ ní Báló̩gùn. Owó tí ó fẹ́ fi kó ọjà ni a gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá náà kò pariwo. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, bá mi ka èyí. Ojú mi ni kò ríran ni, àbí bí mo ti rí i ni ó rí?” Ọjọ́ mélòó kan ni a fi ń dá owó padà. Mo rò pé ọjọ́ wọ̀nyí ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe eré ni a ń ṣe níwájú kọ̀ǹpútà.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí yàrá mi. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo kúkú sọ fún yín.” Ì bá sọ bẹ́ẹ̀, kò ṣẹ̀. Dípò èyí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n má bínú, pé òun ni òun jẹ̀bi. N kò tí ì gbàgbé rẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn ọ̀gá kan ń bẹ ní Èkó tí wọn yóò sọ pé èdè wa ni, pé ọ̀wọ̀ Yorùbá kò bá irú iṣẹ́ yìí mu. Wọ́n ní kí a kó “ẹ̀gbọ́n” àti “sà” sóde, kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn lórúkọ, kí a sì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn ará Amẹ́ríkà. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀ràn náà. Fún oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ tí mo lè bí ń pe orúkọ mi ní ìpàdé. Bí ìpàdé bá ti tú, tí a bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a tún dọ̀bálẹ̀, wọn a sì bẹ̀ mí fún orúkọ tí wọ́n pè. Orúkọ yí padà, ẹ̀rù kò yí padà. Ẹni tí ń bẹ̀rù láti sọ òtítọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní í sọ ọ́ fún un nítorí pé ó ń pè é ní Délé. Èrò tèmi ni pé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń ju omi nù pẹ̀lú ìkòkò.

Nítorí pé, ẹ jọ̀wọ́, ṣé àwọn baba ńlá wa kò mọ̀ pé ọmọdé lè rí ohun tí àgbà kò rí ni? Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìlú yìí gan-an ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Lóòótọ́ ni wọ́n tún sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, èyí sì ni òwe tí àwa ọ̀gá fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọn kò fi ọmọdé sílẹ̀ kí ó máa wá ìgboyà kiri fúnra rẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, ìyẹn ni pé bí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n níbi tí kò tọ́ sí i, yóò ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà.” Àgbà kò ní í dákẹ́. Ọ̀ràn-an-yàn ni kí ó dáhùn pé, “Wàá rí òmíràn pa.” Ẹ̀yin ń kọ́ èyí nínú kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìlànà òwe pípa, mo fẹ́ kí ẹ wò ó gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìṣàkóso. Ìdajì ìlànà náà wà lọ́wọ́ ọmọdé, ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àgbà, ti àgbà náà kì í sì í ṣe ìdáríjì nìkan. Ó ń sọ fún ọmọ náà pé kí ó tún mú òmíràn wá. Ìjúbà náà rí bẹ́ẹ̀. Mo júbà níwájú yín lónìí kí n lè sọ ohun tí ó lè má dùn mọ́ ẹlòmíràn nínú yín. Ẹ wo Òkèbàdàn pẹ̀lú, ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹnu kì í fi í rí ìdènà, tí a lè bú olówó àti olóyè tí ẹnikẹ́ni kò sì ní í gbé ẹlẹ́bú lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ènìyàn tí ó dá irú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ mọ̀ dájú pé ọ̀wọ̀ tí kò ní ẹnu ọ̀nà yóò di ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí ó kù ní ilé-iṣẹ́ wa nígbà náà ni ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀gbọ́n” kò ṣe wá ní ibi kankan. Èmi ni n kò la ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ọmọ náà lè gbà.

A dá “ẹ̀gbọ́n” padà, kí olúkúlùkù máa pe ẹnìkejì bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí a yí padà ni ẹni tí ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní ìpàdé tí ó ṣáájú ìgbà tí ètò kan yóò jáde, ẹni tí ó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni n óò sì sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Èyí ṣòro fún mi ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹni tí ó bá ti ń ṣe ọ̀gá fún ìgbà pípẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ti í yún ènìyàn lẹ́nu. Ìbéèrè tí a sì ń bi ọmọ náà kì í ṣe “Ṣé kò sí wàhálà?” nítorí pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọmọ tí a kọ́ dáadáa ní fún un: “Kò sí, sà.” A ń bi í pé, “Kí ni ó ń bà ọ́ lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí?” Ìbéèrè yìí ti gbà pé nǹkan kan ń bà á lẹ́rù, kò sì ní láti tako ẹnikẹ́ni kí ó tó dáhùn. Ẹni tí a bá sọ ọ̀rọ̀ fún sì gbọ́dọ̀ tún un sọ bí ó ti yé e, kí ẹni tí ó sọ ọ́ tó lọ. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, n óò ti mọ̀ pé n kò gbọ́ nǹkankan.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ó dùn mí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin kan tí kò tí ì lo oṣù mẹ́fà pẹ̀lú wa sọ níwájú àwọn àlejò pé ìlànà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ yóò mú kí orúkọ àwọn oníbàárà máa hàn sí ẹni tí kò yẹ kí ó rí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ojú tì mí, ara mi sì gbóná. Mo gbé ẹnu mi dè fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà mo ní, “Wàá rí òmíràn sọ.” Gbogbo yàrá náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń lò ó, àní àwọn tí kì í ṣe Yorùbá láàárín wọn. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni ó ń tọ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í tọ́, a sì ń fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀ nígbà mìíràn. Mo ti ṣírò rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù, ó sì kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Èkó ní ètò kíkọ, tí ó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó dá nǹkan bí 400 nínú àwọn tí kò tí ì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba pé àwọn tí ó ní ìrírí ni àwọn oníbàárà òun ń fẹ́. Mo mọ bí ìṣirò owó ti í rí, n kò sì ní í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, tí àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ ètò fúnra wọn ti dé, mo ń gbọ́ kí àwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi máa sọ pé àwọn kò tilẹ̀ fẹ́ gba ọmọdé sí iṣẹ́ mọ́ rárá. Mo sì ń bi wọ́n pé ta ni yóò wá dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀gá níbòmíràn. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ìtàn yìí. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n fi kún un pé òun ti tún ọ̀rọ̀ náà kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ náà, pé n kò sì kà á. Mo lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni.

Alága, mo rí i pé àkókò ìbéèrè ti tó. Bí ẹ bá gbà fún mi, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó dúró lẹ́yìn pátápátá nítorí pé àga kò tó, kí ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ wà níwájú ṣe sùúrù díẹ̀.